Ìjókòó Ìdájí Mi ní Ọ̀rílé-Agége

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Jánúárì 1992

Ó ṣẹlẹ̀ lónìí. Wọ́n pe Hàmdálàt, orúkọ mi, mo dìde, mo dúró níwájú kíláàsì, ohùn mi sì lọ. Ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ sí wà lọ́wọ́ mi, mo ń rí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ṣí. Ó tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ bá a pààrọ̀ bátìrì!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó.

Ọ̀gbẹ́ni Johnson tó ń kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ gíga n'Íkẹjà pè mí lẹ́yìn náà. Wọn kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n ní àwọn á fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Épírì, níwájú olùkọ́ mẹ́ta, lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ohun tó ń mú kí gàrì bu nínú àpò àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Bí n kò bá lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, n ó tún ọdún yìí kà.

Bọ̀dá Àbdùlgàfár, ẹ̀gbọ́n mi, ti sọ ọ́ kí n tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni agbára òun ká. Kò sí ẹ̀kẹta. Bí mo bá tún ọdún kà, ilé ni mò ń lọ nìyẹn.

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Ètè mi ti là.

Ọjọ́bọ̀, 30 Jánúárì

Ẹni tó ta kẹrosíìnì fún mi nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀ lónìí. Mo ní, "Ẹ ṣé." Ó tán.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Fẹ́búárì

Mo gbé garawa sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo sì ń wo ògiri. Ohùn kan ló ta mí jí:

"Omi ti kún láti àná, ìwọ ọmọ yìí. Níbo lo wà?"

Ìyá Sùlíyá ni, tí ilẹ̀kùn yàrá wọn kọjú sí tèmi. Ohùn ilé ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, bóyá ìyẹn ló mú kí n tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: kíláàsì, bátìrì, Épírì, Bọ̀dá mi. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Omi ń ṣàn lọ.

Ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ́nà Ọ̀gbà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó síwájú iná funfun kan, kí ìgò máa kọjá lórí bẹ́líìtì, kí wọ́n máa wo èyí tó sán àti èyí tí ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìdajì wákàtí ni wọ́n máa ń jókòó kí ẹlòmíì tó gbà á, torí bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á ṣì máa wo ìgò, ọkàn á ti lọ sọ́jà.

"Kí lẹ máa ń rò níbẹ̀, mà?"

"Mi ò kì í rò. Tí mo bá lọ rò pẹ́nrẹ́n, ìgò ẹlẹ́gbin ti kọjá nìyẹn, ọmọ ọlọ́mọ á sì gbé e mu."

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"Èyí tó wà níwájú mi ni mò ń wò. Èyí tó bá ti kọjá, mi ò kì í bá a juwọ́ pé ó dàbọ̀. Ìwọ, sísá lò ń sá tẹ̀lé ìgò kiri."

Wọ́n ní lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àsúbáà, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n máa ń jókòó wo èémí wọn bí wọ́n ṣe ń wo ìgò. Èyí tó ń wọlé, èyí tó ń jáde. Bí ọkàn bá sá lọ, wọ́n á mú un padà láìbú u. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá kì í ṣe ohun ẹgbẹ́ awo kan.

"Ẹgbẹ́ kẹ̀? Ìjókòó! Ta ni wọ́n máa ń bi ní ẹgbẹ́ kó tó jókòó?"

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì

Mo jókòó lórí ẹní ìrun mi. Èrò mi ni pé kí n ka èémí dé mẹ́wàá, kí n tún bẹ̀rẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dé mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni mo ronú kan àgádágodo, bóyá mo tì í, mo ronú kan gàrì, mo ronú kan ẹni tó sọ̀rọ̀ bátìrì, mo sì fún un lésì mẹ́ta tó dùn gan-an. Nígbà tí mo lajú, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Mo dé mẹ́fà.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Mo fi ayọ̀ sọ fún Ìyá Sùlíyá pé mo ka ọ̀ọ́dúnrún èémí lówùúrọ̀ yìí.

"Ọ̀ọ́dúnrún? Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́wàá, mà."

"Abájọ tójú rẹ fi pọ́n. Ṣé iye tó o bá kó jọ ni wọ́n fẹ́ sanwó fún ọ lé lórí ni? Mí bó o ṣe ń mí. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ."

Òótọ́ ni. Bí ẹni tó fẹ́ parí tẹ̀sùbáà kí oúnjẹ tó tutù ni mo ṣe ń kà á. Orí mi fò títí di ọ̀sán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

Ariwo ilé yìí pọ̀. Ilé-iṣẹ́ onírin wà lẹ́yìnkùlé, jẹnẹrétọ̀ wọn kì í sinmi, ẹ̀rọ ìlọta sì wà ní ọ̀tún. Mo rò pé bí mo bá rí ibi tó pa rọ́rọ́, n ó ṣe é dáadáa. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkẹjà GRA, mo jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọgbà ilé ńlá kan.

Bàbá tó ń ṣọ́ ilé náà yọjú. "Ta lẹ wá kí?"

"N kò wá kí ẹnikẹ́ni, sà. Mo jókòó ni."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Láti ibo?"

"Agége, sà."

"Àga ti wá tán l'Ágége!"

Ṣùgbọ́n wọn kò lé mi. Mo pajú dé. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ata. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn Bọ̀dá mi, ẹ̀rín kíláàsì, gbogbo rẹ̀, ketekete, bí rédíò tí ẹnì kan yí sókè. Ariwo onírin kò tó o rárá. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, mo rìn padà sílé.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì

Lẹ́tà dé láti ilé. Ọwọ́ Màmá Fọlákẹ́, ìyàwó onílé wa, ni wọ́n gbé e sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá méjìlá tó wà nílé yìí tí wọn kò mọ̀. Bàbá mi ní kí n ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ l'Ékòó, káṣú ti ń tanná. Àárò ilé sọ mí. Mo sunkún díẹ̀, àfi bí ẹni pé Màmá Fọlákẹ́ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 27 Fẹ́búárì

Mo ti bàjẹ́.

Kò síná mọ́jú, yàrá gbóná, nítorí náà lẹ́yìn ìrun mo tẹ́ ẹní sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, mo sì jókòó. Ó dùn mọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ lẹ́rán.

Màmá Fọlákẹ́ yọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. "Háà! Ọmọ yìí! Nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ní ìdájí, o fọwọ́ lẹ́rán! Lẹ́tà àná nìyẹn! Bàbá ni, àbí?"

Mo lajú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohùn lọ.

Wọ́n ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ tì mí. "Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere."

Mo ní, "Àmín."

Kí ni n bá ṣe? Àgbàlagbà kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi. Ta ló ń dákẹ́ sí àdúrà? "Ọlọ́run á tu màmá nínú." Àmín. "Ọjọ́ á jìnnà síra o." Àmín. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó yé mi ohun tí mò ń fi ẹnu mi gbà. Wọ́n ti dìde nígbà náà, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn kejì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mọ́kànlá ti wá kí mi kú ìrọ́jú. Nùréènì, wẹ́dà tó ń jórin mọ́rin, tó ń gbé yàrá iwájú, gbé odidi búrẹ́dì àti mílíìkì alágolo kan wá. Mílíìkì, lásìkò SAP tí gbogbo nǹkan wọ́n yìí! "Sitúdẹ́ǹtì, ẹ gbọ́dọ̀ jẹun o. Wọn kì í fi ikùn òfìfo sunkún."

Oṣù márùn-ún ni mo ti ń gbé ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò wọ yàrá mi rí. Lónìí, wọn kò ríbi jókòó sí. Bàbá mi sì wà láàyè, ó ṣeé ṣe kí ó máa jẹ iṣu lọ́wọ́. Mo ti ṣe àmín sí ikú bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Fẹ́búárì

Ó tún burú sí i. Ẹ̀gbọ́n Nùréènì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Nùréènì ní ẹ̀gbọ́n òun yóò yà kí ìyá mi. Ó bi mí ní orúkọ agbo ilé wa, mo sì sọ ọ́ fún un! Awakọ̀ kan á ya ilé wa lọ́jọ́ Àìkú, á kí ìyá mi kú ọ̀fọ̀, bàbá mi á sì máa fetí gbọ́ ọ lórí àga rẹ̀.

Ìyá Sùlíyá, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ láti ọjọ́ méjì, gbọ́ ọ lẹ́nu mi lówùúrọ̀ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n nu ojú wọn tán, mo ní kí wọ́n bá mi sọ ọ́ fáwọn ará ilé.

"Ẹnu ta lo fi ṣe àmín?"

"Tèmi, mà."

"Òun náà ni wàá fi sọ ọ́."

Ọ̀la ni ìmọ́tótó àyíká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá. Gbogbo ilé á pé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Fẹ́búárì

Èèyàn mẹ́rìnlá ni. Mo kà wọ́n. Wọ́n ń kó gọ́tà, wọ́n ń gbálẹ̀, Nùréènì wà nínú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ó rí bíi ti kíláàsì gẹ́lẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n lè sọ sí mi ń wọ́ jáde níkọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ kí wọ́n kọjá. Mo wo èémí kan wọlé, mo wò ó jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Bàbá mi ò kú."

Ṣọ́bìrì dúró.

Màmá Fọlákẹ́ ní, "Wọ́n ti jí?"

"Wọn ò kú rárá, mà. Mo kàn jókòó ni lọ́jọ́ yẹn."

"O jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mò ń wo èémí mi."

"Gbogbo wa la ń mí nílé yìí, a ò fi pèrò!"

Nùréènì gbé ṣọ́bìrì jù sílẹ̀. "Sitúdẹ́ǹtì! Ẹ pọ búrẹ́dì mi!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Fọlákẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló wá ní kó o máa ṣe àmín?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣàdúrà, mà. N kò lè dákẹ́ sí i."

Ẹ̀rín borí Màmá Fọlákẹ́ náà. Wọ́n di ìró wọn le, wọ́n gbọ́wọ́ sókè nínú eruku yẹn: "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹ á pẹ́ láyé, wọ́n á jẹun ọmọ!" Gbogbo ilé ní àmín. Tèmi ló ròkè jù.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Sàárì, ìrun, ìjókòó. Ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ebi kò tíì dé, orí máa ń fúyẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Máàṣì

Náírà ti ṣubú, gbogbo nǹkan sì gbówó lórí. Gàrì tó jẹ́ náírà márùn-ún ní Kérésìmesì ti di mẹ́jọ. Owó ọkọ̀ láti Agége dé Ìkẹjà di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ń fẹsẹ̀ rìn. Ìyá Sùlíyá ní kí n má fi ìrìn náà ṣòfò: kí n máa wo ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń wo èémí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ọ̀tún, òsì. Gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, n kò sì tíì gbé Épírì sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, 16 Máàṣì

Mo ní kí àwọn márùn-ún nínú kíláàsì wa jókòó gbọ́ mi. Márùn-ún péré. Mo dé ojú ìwé kejì, mo dákẹ́, ó sì parí. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ lù mí léjìká, ó ní, "Ẹ máa gbàdúrà."

Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi jókòó. Fún kí ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Máàṣì

N kò jókòó fún ọjọ́ márùn-ún. Lẹ́yìn ìṣínu lónìí, Ìyá Sùlíyá kan ilẹ̀kùn, wọ́n gbé àkàrà sílẹ̀, wọn kò bi mí léèrè ohunkóhun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ní ọdún kẹta wọn lẹ́nu iṣẹ́, ìgò kan kọjá lójú wọn tí igi ìṣáná wà nínú rẹ̀. Ó dé ọwọ́ oníbàárà. Àwọn ọ̀gá pè wọ́n sí ọ́fíìsì, wọ́n bú wọn. Ìyá Sùlíyá sunkún padà sídìí iná, wọ́n sì ń ro ìgò ìṣáná yẹn. "Kí n tó mọ̀, méjì mìíràn ti kọjá, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló gbá wọn mú. Hàmdálàt, ìgò kan ni mo ṣì wò. Ríro tí mò ń rò ó ló fẹ́ mú mi pàdánù méjì."

Mo ní, "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mà."

"Ta ló ní kò ní bà ọ́? Ẹ̀rù náà, ìgò ni. Wò ó. Ó máa kọjá."

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń jókòó, ohun tí mò ń retí ni ọjọ́ tí ẹ̀rù kò ní wá mọ́.

Ọjọ́rú, 25 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lówùúrọ̀ yìí bí mo ṣe jókòó. Ó ń lu páànù. Jẹnẹrétọ̀ onírin ń dún, ẹnì kan ń bá ọmọ rẹ̀ jà nítorí súwẹ́tà, gbogbo rẹ̀ ń wọlé sí mi létí, ó sì ń jáde. N kò lé ọ̀kankan. Fún ìgbà díẹ̀, n kò mọ bó ṣe pẹ́ tó, kò sí ẹni tó ń ka èémí. Èémí nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀. Mo lajú, ògiri yàrá mi dà bí ohun tí n kò rí rí: ọ̀dà tó bó, ìṣó mẹ́rin, aláǹgbá kan. Mo rẹ́rìn-ín sókè, èmi nìkan.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan.

Ọjọ́rú, 1 Épírì

Mo gbìyànjú láti rí èyí tí mo rí lọ́jọ́ òjò. N kò rí i. Mo jókòó síbẹ̀síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Épírì

Ìtúnu ààwẹ̀. Màmá Fọlákẹ́, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ló kọ́kọ́ kàn mí nílẹ̀kùn láti béèrè ẹran. Mo bá àwọn ará ilé jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nùréènì ní kí n ka ọ̀rọ̀ gàrì mi sétí wọn. Mo kà á. Wọ́n bá mi jiyàn! Ìyá Sùlíyá ní àpò ọ̀rá ló ń mú un bu, Nùréènì ní ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ni. A jà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 9 Épírì

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Olùkọ́ mẹ́ta: Ọ̀gbẹ́ni Johnson, ìyá kan tí awò ojú wọn so mọ́ ọrùn, àti bàbá kan tó ń jẹ orógbó. Mo kí wọn. Mo bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kìíní lọ, ìkejì lọ. Ní ìkẹta, ohùn lọ.

Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń bọ̀. Àyà mi kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ọ̀fun, lẹ́yìn náà ọwọ́. Bàbá náà dáwọ́ orógbó jíjẹ dúró. N kò bá ẹ̀rù jà, n kò sì sá. Mo wò ó bó ṣe gùn tó. Ó dé òkè, ó dúró níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ọ̀rọ̀ tó kàn wà níbi tí mo fi í sí. Mo mú un, mo sì ń bá a lọ.

Ìyá náà béèrè ìdí tí gàrì Ìjẹ̀bú fi ń pẹ́ ju ti wa lọ. Mo dáhùn: wọ́n ń jẹ́ kó kan, wọ́n sì ń yan án kó gbẹ dáadáa, ti wa máa ń ní omi nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀.

Bàbá náà wá béèrè pé: "Gàrì tí wọ́n ń tà l'Ágége lónìí, omi mélòó ló wà nínú ọgọ́rùn-ún?"

Ní Jánúárì, ìbéèrè yìí ì bá pa mí.

"N kò mọ̀, sà. Kò sí nínú ìwé kankan tí mo rí. Bí ẹ bá jẹ́ kí n lo ìwọ̀n àti ààrò ilé-àyẹ̀wò wa, n ó mú ìdáhùn wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe irú ẹ̀rín ti kíláàsì. "Johnson, ṣé ọmọ tí ẹ ní kì í sọ̀rọ̀ nìyí?"

Ọjọ́bọ̀, 16 Épírì

Mo mú ìdáhùn lọ. Bàbá olórógbó kò rántí pé mo ṣèlérí. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Épírì

Mo yege! Méjìdínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kọ lẹ́tà sí Bọ̀dá mi. Ìlà mẹ́rin péré ni, mo ní kí wọ́n máa múra owó ọdún kejì.

Mo sáré sọ fún Ìyá Sùlíyá. Wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n sì bi mí bóyá mo jókòó lówùúrọ̀. Mo ní n kò jókòó, ìdùnnú ni. "Ìdùnnú náà," wọ́n ní, "ìgò ni." Nùréènì ní tòun, kí wọ́n fi ìwé èsì hàn òun kí òun tó kí mi, torí òun ti kí mi kú nǹkan tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé, 4 Méè

Sáà ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá, kíláàsì mẹ́ta ni wọ́n kó pọ̀, ó tó igba èèyàn. Olùkọ́ tuntun sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, wọ́n lu tábìlì, wọ́n ní, "Ìbéèrè?"

Kò sẹ́ni tó mira. Fáànù ń yí. Wọ́n ti ń kó ìwé wọn jọ nígbà tí mo rí i pé mo ti dìde dúró. Ojú igba èèyàn yí sí mi. Àyà mi lù. Mo jẹ́ kó lù.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ. Ìbéèrè wo lo ní?"

Mo ní, "Méjì ni, sà."